Àbẹ̀kẹ́, má tíì kó ẹrù rẹ wálé

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara gbogbo wa le nílé. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ikọ́ tó ń yọ òun lẹ́nu ti lọ.

Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí o ti pè mí tẹkúntẹkún ni ọ̀rọ̀ rẹ kò ti kúrò lọ́kàn mi. Mi ò fẹ́ fi fóònù fèsì, torí lórí fóònù, ìwọ á máa sọ tìẹ, èmi náà á máa sọ tèmi, a ò ní gbọ́ ara wa. O ní o fẹ́ fi ẹ̀kọ́ másítà lórí ìpolówó ọjà yìí sílẹ̀. O ní tíọ́rì àwọn òyìnbó tó ti kú ni wọ́n ń kọ́ yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nígbà tí àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde yunifásítì ń báni polówó ọjà lórí Instagram, tí owó sì ń wọlé fún wọn. Mi ò ní bá ọ jiyàn pé owó ń wọlé. Ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ìdánwò lo wà nígbà náà, ni mi ò ṣe jẹ́ kí o gbọ́.

Ṣé o rántí ọmọkùnrin tó ní òun á máa bá wa gbé aṣọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Mo sanwó fún un. Fọ́tò tó yà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé àdìrẹ wa kì í ṣí láéláé. Èmi ò kà á. Mo rí fọ́tò, inú mi dùn, mo sì ń fi í han àwọn ará ọjà kiri. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà ń sọ fún oníbàárà ní ìsọ̀ ni pé, "Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ aṣọ funfun o. Omi tútù àti iyọ̀ lẹ máa fi fọ̀ ọ́, aró rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣàn díẹ̀." Òótọ́ lòun ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé, ó ní láti Ṣágámù lòun ti wá. Ó tẹ́ aṣọ wa sórí tábìlì. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ síléèwé jáde, aró ti mú un láti ọrùn dé àpò, ó tẹ́ ẹ lé àdìrẹ lórí. Kò pariwo. Ó kàn na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi ka ohun tẹ́ ẹ kọ síbí." Mo wọ awò ojú mi, mo kà á sókè. Nígbà tí mo kà á dé "láéláé", ohùn mi ò jáde mọ́. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo sì san owó ṣẹ́ẹ̀tì. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ. Lẹ́yìn tó lọ tán ni ará ìsọ̀ kejì sọ fún mi pé òun mọ̀ ọ́n, pé ìyá ẹgbẹ́ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àti pé ó fi aṣọ kan yẹn dán wa wò ni, aṣọ ẹgbẹ́jọdá ni wọ́n fẹ́ wá rà. Àbẹ̀kẹ́, odidi ẹgbẹ́ ló bá a lọ.

Mo gbà á sí àgbákò. Ó di ìgbà Kérésì tí o wálé, tí o gbàgbé àwọn ìwé kíláàsì rẹ sórí àga ní pálọ̀. O mọ̀ pé tíṣà ni mí kí n tó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, ìwé kì í bà mí lẹ́rù. Mo gbé díkíṣọ́nárì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń kà á díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Don Schultz ti Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ kọ̀wé lọ́dún 1993, mo pa ìwé dé, mo dìde lọ mu omi. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó ń tajà kò gbọdọ̀ ní ẹnu méjì. Rédíò, ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọjà, ẹni tó dúró ní ìsọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń dún létí oníbàárà. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn! Fóònù ń sọ kan, ìsọ̀ ń sọ òmíràn. Ohun tó gba ẹgbẹ́ odidi lọ́wọ́ mi ní orúkọ, ó wà nínú ìwé, inú yàrá mi ni ọmọ mi sì ń gbé e gbà kọjá.

Mo tún ka ti Katz àti Lazarsfeld, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ bá àwọn obìnrin nílùú Decatur ní Illinois, wọ́n bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀ lórí ọjà rírà, aṣọ, fíìmù àti ọ̀rọ̀ ìlú. Ọdún 1955 ni ìwé wọn jáde. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ tí rédíò àti ìwé ìròyìn bá sọ máa ń gba ẹnu ẹnì kan tí àwọn yòókù fọkàn tán kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni náà lè má jẹ́ olówó, ó lè má jẹ́ olóyè, ó lè jẹ́ ará ilé kejì. Mo rí ìyá ẹgbẹ́ láti Ṣágámù níwájú mi kedere. Àwọn tó kọ ìwé yìí ò mọ Ìtòkú, a ò sì tíì bí mi nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí o pè é ní ọ̀rọ̀ òkú mọ́. Àmọ́ má gbà wọ́n gbọ́ bí ẹni gba ìwé mímọ́. Èmi ò gba ti Lewis, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣiṣẹ́ ìpolówó, tán, èyí tí wọ́n ní ó ti wà láti 1898: pé ojú oníbàárà á kọ́kọ́ bá ọjà, á fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fà sí i, kó tó wá rà á. Wá jókòó tì mí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Wàá rí ẹni tó sáré wọlé torí pé ìkómọ wà ní Láfẹ́nwá lọ́la, kò yẹ aṣọ wò, ó ní kí n ṣáà gé ọ̀pá márùn-ún. Ó di oṣù mẹ́ta kó tó padà wá sọ pé, "Aṣọ yẹn mà dára o." Ó rà á tán kó tó fẹ́ràn rẹ̀. Nínú ìwé rẹ kan náà ni mo ti rí Ehrenberg, ará Ìlú Ọba, tó sọ ohun tó sún mọ́ èyí lọ́dún 1974, pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ìpolówó ń ṣe ni láti fi ọkàn ẹni tó ti rà balẹ̀ kó lè tún rà. Ṣé o rí i pé àwọn fúnra wọn ń jiyàn? Nawọ́ sókè ní kíláàsì kí o bi lẹ́kíṣọ̀ pé ta ló jàre nínú wọn, kí o sì sọ ohun tí o rí nísọ̀ ìyá rẹ.

Ní ti iṣẹ́ ìwádìí tí o ní o ò rí orí ọ̀rọ̀ fún, ṣe àdìrẹ. O mọ̀ pé ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ti kún ọjà. Obìnrin tó mọ aṣọ kì í fi fọ́tò rà á. Á yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, á wò ó bóyá aró dé ẹ̀yìn bó ṣe dé iwájú, á gbé e símú, á wá àlàfo kékeré níbi tí ọwọ́ ẹni tó yà á ti mì. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní Àbújá, tí kò lè fọwọ́ kàn án? Mi ò mọ ẹni tó ti dáhùn rẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. APCON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ti di ARCON láti 2022. Ìgbìmọ̀ wọn ló yẹ kó yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ẹni tí kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin yẹn ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Bí o bá parí másítà, lọ forúkọ sílẹ̀, má sọ pé ó di ìgbà tí o bá ríṣẹ́.

Mo ti fi owó ilé rẹ ránṣẹ́. Láfún àti ata gígún wà lọ́wọ́ dírẹ́bà ní Kútọ̀, ó máa pè ọ́. Nínú àpò láfún, mo di aṣọ kan sínú ọ̀rá dúdú. Ẹlẹ́kọ ni, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀, láti inú láfún kan náà tí o fẹ́ jẹ yẹn ni wọ́n ti se ẹ̀kọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí o bá mi kọ ohun tí a máa lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí ọmọbìnrin ìsọ̀ á máa sọ lẹ́nu, tí a ó sì gbé sórí fóònù bákan náà. Fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fọ aṣọ náà, kí o sá a, kí o wò ó dáadáa, kí o tó kọ ohunkóhun.

Èmi ni,
Màmá rẹ