Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dá fóònù ọmọ náà padà fún un

Bradford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Ara wa le níbí, ọmọ ń lọ sí iléèwé, iṣẹ́ ń lọ. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tí ẹ ti ní mò ń jayé, tí ẹ pe Dámiláre ọmọ yín ní ìpáǹle, tí ẹ sì ní ẹ máa ta fóònù rẹ̀, mo sì mọ̀ pé tí mo bá fi ohùn dá a padà, ìjà ló máa dà láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti owó kúrò nílẹ̀. Owó páànù yàrá Màámi ti wọ àkáǹtì yín. Ọjọ́ tí wọ́n sanwó oṣù fún mi gan-an ni mo fi ránṣẹ́, kí n tó san owó ilé tí mò ń gbé. Ṣé káfíńtà ti wá? Ṣé ó ti ra páànù, àbí ó ṣì ń sọ pé ìṣó ti gbówó lórí? Kí ló wá dé tí Màámi fi ń bi mí lọ́jọ́ Àìkú pé ìgbà wo lowó máa dé, nígbà tó ti wà lọ́wọ́ yín? Mi ò sọ pé ẹ ná an o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ fún wọn pé mo ti fi ránṣẹ́, kí ọkàn wọn lè balẹ̀, kí temi náà sì balẹ̀.

Ní ti fọ́tò tí ẹ rí lórí status mi, tí ẹ ní mò ń jayé ní London nígbà tí ilé ń jò ní Ìkòròdú, Bradford ni mo wà, Bọ̀ọ̀dá, ó jìnnà sí London. Gúgúrú tó wà lọ́wọ́ mi nínú fọ́tò náà, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló rà á fún mi. Sinimá tí mò ń lọ yìí sì ní káàdì olóṣooṣù: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lèèyàn ń sanwó, á sì máa wọlé wo iye fíìmù tó bá wù ú títí oṣù á fi parí. Owó náà ò tó iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń mu kọfí. Mi ò mutí, mi ò lọ sóde àríyá, mi ò bá wọn ra aṣọ ẹbí kankan lọ́dún yìí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn arúgbó ni mò ń gbé dìde, tí mò ń wẹ̀, tí mò ń yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí mo bá délé, mo máa ń sùn díẹ̀, kí n tó lọ wo fíìmù ọ̀sán, ibẹ̀ ni mo ti ń lọ mú ọmọ níléèwé. Láàárín wákàtí méjì yẹn, kò sẹ́ni tó ń tẹ aago pè mí. Iná á kú, ìró á gba gbogbo ilé, èmi náà á di èèyàn lójú ara mi. Ṣé ìyẹn náà ni ẹ̀ ń pè ní ìjayé?

Ìlú tí mo wà yìí pàápàá, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2009, UNESCO fi orúkọ Ìlú Fíìmù dá Bradford lọ́lá, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ tó gba orúkọ yẹn ní gbogbo àgbáyé. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí kan wà láàárín ìlú, ti sáyẹ́ǹsì àti àwòrán, tí wọ́n ti gbé ojú àwòrán IMAX sí láti 1983, ó ga ju òrùlé ilé wa lọ. Mo ti mú ọmọ mi débẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ka fíìmù sí níbí. Wọ́n ń kọ́ ọmọdé, wọ́n sì ń kọ́wèé nípa rẹ̀. Mi ò wá rí bí ẹni tó ń wò ó ṣe di ọ̀lẹ, tàbí bí ọmọ tó ń ṣe é ṣe di ìpáǹle.

Ìpáǹle ni ẹ pe Dámiláre. Mo gbọ́ ọ dáadáa nínú ohùn yẹn, ìyẹn ló sì dùn mí ju ọ̀rọ̀ London lọ.

Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo ra fóònù náà, mo sì rà á tìtorí kámẹ́rà rẹ̀. Ẹ ti tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tún ní ẹ máa tà á tí ọmọ náà ò bá yéé kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé láti máa fi bárò àti ìkòkò ṣeré. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ òrùlé fún mi. Mo gbọ́, mo sì ń wá owó. Àmọ́ ọjọ́ tí Dámiláre fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi ni mo tó fojú rí i. Kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, débi pé abọ́ tí Màámi fi ń gbe òjò ló gba gbogbo ojú àwòrán. Omi kán. Ó pẹ́ díẹ̀. Omi tún kán. Lẹ́yìn náà la wá rí ẹsẹ̀ Màámi, wọ́n ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sí apá kejì yàrá, díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń ha sìmẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ì bá ti kó orin ẹkún tì í kí wọ́n lè fi tipátipá mú èèyàn sunkún. Dámiláre fi ìró omi náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò fi ojú Màámi hàn wá títí ó fi parí. Ta ló kọ́ ọ pé kó fi ojú pamọ́, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣe gbogbo ọ̀rọ̀? Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti wò ó, mi ò sì mọ̀gbà tó gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Fídíò yẹn ló jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ páànù ṣáájú owó ilé mi lóṣù náà. Ẹ wá sọ fún mi bóyá eré ọmọdé nìyẹn.

Ẹ̀rù tó ń bà yín yé mi. Ẹ rò pé á pa ìwé tì. Ẹ wo ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé Ìkòròdú ni wọ́n bí i sí. Fúnkẹ́ Akíndélé kàwé: ó ka ìmọ̀ ìròyìn ní poli, ó tún ka òfin ní Yunifásítì Èkó. Obìnrin yẹn kan náà ló gbé A Tribe Called Judah jáde ní December 2023, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá. Kúnlé Afọláyan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kó tó fi í sílẹ̀ tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní New York. Túndé Kèlání wà lẹ́yìn kámẹ́rà fáwọn ẹlòmíràn fún ọdún gbọọrọ, ó sì wá kẹ́kọ̀ọ́ ní London, kí a tó máa rí orúkọ rẹ̀ lára fíìmù tirẹ̀. Ìkankan nínú wọn ò kórìíra ìwé.

Bárò àti ìkòkò tí ẹ sì ń sọ yẹn, ṣé Ìkòròdú tí ẹ̀ ń gbé kọ́ ni Ikorodu Bois ti jáde ni? Bárò náà nìyẹn, igi, abọ́ àti ọ̀rá, làwọn ọmọ yẹn fi ń ṣe àfarawé fíìmù olówó ńlá. Lọ́dún 2020, wọ́n fi ohun èlò inú ilé ṣe ìpolówó fíìmù Extraction ní ìran sí ìran, àwọn Russo tó gbé fíìmù náà jáde rí i ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn máa pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì. Netflix kó kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ fi wọ́n hàn mí, tí wọ́n ní, "Ṣé ìlú yín kọ́ nìyí?" Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ yín wà nínú ìlú kan náà, ẹ wá ti fóònù rẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Àbí ẹ ti gbàgbé pálọ̀ Bàámi? Ẹ̀yin lẹ máa ń sáré lọ yá kásẹ́ẹ̀tì ní Sábó lálẹ́ Sátidé, ẹ̀yin lẹ máa ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Gbogbo àdúgbò á kún ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bàámi á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n lọ wo Aiyé ti Ògúndé, tó jáde ní 1979, bí àwọn obìnrin ṣe ń pariwo nígbà tí àwọn àjẹ́ yọjú, àti bí ọkàn gbogbo èèyàn ṣe balẹ̀ nígbà tí Ògúndé fúnra rẹ̀ wọlé, tó ṣe Ọ̀sẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ náà jà. Tí a bá wá ń wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, Bàámi á dá a dúró, wọ́n á bi wá pé irú èèyàn wo ló ń ta ilẹ̀ ìlú fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Nílùú tí ọmọ onílẹ̀ wà ní gbogbo kọ̀rọ̀, a mọ ohun tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló máa ń di agbádá Bàámi mọ́ra lọ́jọ́ kejì, tó máa ń ṣe Ọ̀tún Aṣíyanbí inú fíìmù náà bíi Bàbá Wándé, tí ikú ń lé e káàkiri àgbàlá? Ẹ̀yin ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe débi pé Màámi á jókòó sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó pè yín ní ìpáǹle.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ fíìmù ti wọ̀ mí lára, mi ò sì ní jẹ́ kó kú. Ọmọ mi tí mo bí síbí ò gbọ́ Yorùbá tó bó ṣe yẹ. Mo gbé fíìmù Ṣaworoidẹ sí i lálẹ́ Jímọ̀ kan, mo rò pé á sùn. Kò sùn. Ó bi mí ìdí tí Lápité, ọba inú rẹ̀, fi sá fún ìbúra oyè, ó bi mí bóyá ìlù lè mọ ẹni tó purọ́, ó sì ní kí n dá a padà síbi tí Bàbá Ọ̀pálábá ti ń sọ̀rọ̀, nítorí ohùn Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe é dùn mọ́ ọn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn fíìmù náà, 1999 ni Kèlání sì ṣe é, síbẹ̀ ọmọ tí kò tíì bá Màmá àgbà rẹ̀ jẹun rí jókòó tì í títí ó fi parí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí mi ní Yorùbá láàárọ̀. Nígbà tí fíìmù Aníkúlápó dé ní 2022, òun ló pè mí pé kí n wá wò ó. Kí ni mi ò bá fi ra ìyẹn?

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ má bínú. Fíìmù tí ẹ̀ ń gbà látorí fóònù àwọn ọmọ ìsọ̀, tí wọ́n ti jí dà kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi fíìmù Ọ̀run Móoru ṣe fún Bàbá Sàlá ní 1982. Owó tó yá nílé ìfowópamọ́ ló fi ṣe é, àwọn olè sì tú u sórí fídíò kó tó jèrè, gbèsè sì há a lọ́rùn. Bí ọmọ yín bá ṣe fíìmù lọ́la, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe tirẹ̀?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí fóònù náà wà lọ́wọ́ Màámi láti ọjọ́ Ajé sí Jímọ̀ títí Dámiláre á fi ṣe ìdánwò WAEC tán. Kí wọ́n máa fún un ní Sátidé àti Àìkú. Owó WAEC rẹ̀, èmi ni máa san án, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo tún ń sọ ọ́. Tó bá sì fẹ́ ka nǹkan míì lẹ́yìn náà, kó kà á. Mi ò ní kó má di ẹnjiníà.

Ní December tí àwọn fíìmù ńlá bá dé, mo fẹ́ kí ẹ gbé Màámi àti òun lọ sí sinimá ní Ìkẹjà. Màámi ò wọ irú ilé sinimá tuntun wọ̀nyí rí láyé wọn. Máa fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, àti ti ọkọ̀, ní ọ̀tọ̀, kì í ṣe lára owó páànù. Ẹ mú ìborùn dání fún Màámi nítorí ẹ́síì inú ibẹ̀ máa ń mú, ẹ sì jókòó sí àárín, kó má bàa jẹ́ pé iwájú ni wọ́n ti máa na ọrùn wò ó.

Ẹ kí Màmá Dámiláre. Ẹ sọ fún un pé aṣọ tó ní kí n bá òun wò ti wà nílé, ẹni tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà ló kù tí mò ń wá. Ẹ pè mí lọ́sàn-án Sátidé, ẹ má pè láàárọ̀, màá ṣì ń sùn. Kí ẹ sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà bóyá ẹ ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àbúrò yín,
Ṣadé