Ẹni Mẹ́rin Ló Ni Queen

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn pé ìwé ìròyìn yín rántí ẹgbẹ́ olórin rock tí wọ́n ń pè ní Queen, ṣùgbọ́n bí àròkọ yín ṣe kó gbogbo iyì ẹgbẹ́ náà fún Freddie Mercury, akọrin wọn, nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Lóòótọ́, ohùn ọkùnrin tí wọ́n bí ní Zanzibar lọ́dún 1946 yìí kò lẹ́gbẹ́. Àmọ́ ẹni mẹ́rin ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ń kọ orin. John Deacon, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló kọ Another One Bites the Dust tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980.

Ẹ wo orin wọn, We Will Rock You. Nígbà tí wọ́n ṣeré tán ní gbọ̀ngàn Bingley ní Stafford lọ́dún 1977, àwọn èrò ìwòran kò lọ. Ṣe ni wọ́n dá orin fún àwọn olórin. Èyí ló mú kí Brian May, onígìtá wọn, máa ro ohun tí èrò tó há mọ́ra gádígádí lè ṣe: wọ́n lè fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n lè pàtẹ́wọ́, wọ́n sì lè kọrin. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Wọ́n ń fẹsẹ̀ lu pákó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, léraléra, May tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì sì fi ìṣirò to àwọn ìró náà kí ó lè dún bíi ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Onílù wọn kò lu ìlù kankan níbẹ̀. Àwọn èrò ni May sọ di elégbè, ẹni tó bá sì mọ bí elégbè ṣe ń gbé orin ró nílẹ̀ wa yóò mọyì iṣẹ́ náà.

Radio Ga Ga, orin tí onílù yẹn, Roger Taylor, kọ, ló mú kí èrò tó lé ní 70,000 jùmọ̀ pàtẹ́wọ́ lókè orí ní pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 1985.

Gbogbo wọn ló jọ ni ẹ̀bi Sun City pẹ̀lú, ibùdó ìgbafẹ́ níbi tí wọ́n ti lọ ṣeré lọ́dún 1984, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì ń ni àwọn aláwọ̀ dúdú lára ní South Africa. Ó ń dùn mí títí di òní.

Nínú àwo The Miracle, lọ́dún 1989, orúkọ Queen ni wọ́n fi sí abẹ́ gbogbo orin, wọn kò dá ẹnì kan yọ. Bí ẹ bá tún kọ̀wé nípa wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn