Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Nípa Igi Tó Ju Erin Lọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ilé. Ẹ béèrè bóyá ohun kan wà ní Amẹ́ríkà níbí tí a lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àjànàkú tí ẹ̀yin ọdẹ ń fi ìjálá kì. Ó wà, ṣùgbọ́n igi ni.

Giant sequoia ni wọ́n ń pè é, orí òkè Sierra Nevada ní Kalifóníà nìkan ló sì ti ń dá hù. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, General Sherman, ga ju mítà 83 lọ, wọ́n sì fojú bù ú pé ìtì rẹ̀ nìkan wúwo tó igba erin. Bí ẹ bá pè é ní àsọdùn, n kò ní bá yín jiyàn. Èmi tí mo dúró nídìí rẹ̀ gan-an, ẹnu ń yà mí. Síbẹ̀ èso rẹ̀ kò ju ẹyin adìẹ lọ. Hóró bí igba ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èso náà sì lè wà ní dídì lórí igi fún nǹkan bí 20 ọdún, títí iná yóò fi jó nísàlẹ̀, tí ooru yóò mú un gbẹ, tí yóò là, tí hóró yóò sì dà sórí eérú. Èèpo igi náà lè nípọn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà iná tó mọ níwọ̀n kì í pa á.

Erin kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Oṣù 22 ni abo erin fi ń lóyún, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí, lẹ́yìn èyí tí ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò kọjá kó tó bí òmíràn. Igi lè pàdánù ẹgbàágbèje hóró láìmọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ikú abo erin kan ń ṣe fún agbo.

Lóòótọ́, ojú igi náà ti rí màbo. Iná ọdún 2020 àti 2021 le débi pé ó pa ju ọ̀kan nínú mẹ́wàá lọ lára àwọn àgbà igi náà. Àwọn panápaná fi bébà onírin wé ìdí General Sherman kí iná má bàa ràn án. Ṣùgbọ́n ọdún 1890 ni ìjọba ti ń ṣọ́ igbó yẹn. Ọ̀rọ̀ erin igbó Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ká mi lára jù, nítorí oko kòkó àti àwọn agégẹdú ń jẹ igbó náà wọlé lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá tún ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e kalẹ̀ pé kí ẹni tó bá rí ipasẹ̀ erin níbẹ̀ fi tó àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó létí, kó má gbé ìbọn.

Èmi ni ọmọ yín ní Kalifóníà.