Rónkẹ́, Títí ti bímọ

Rónkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Títí ti bímọ o! Obìnrin ni, iwájú gbọọrọ bíi ti gbogbo ilé wa. Kí Ọlọ́run bá wa dá a sí. Ìyókù ọ̀rọ̀ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ tí a bí i, ó mu ọyàn díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó fẹnu sí ọmú, kò lè fà á. Igbe rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ, kò sí agbára lápá, kò sí lẹ́sẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti Títí lọ́jọ́ ìgbéyàwó Fọlá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ wá àgbo. Àgbo, fún ọmọ tí kò lè gbé omi ọyàn mì! Mo yarí.

Dókítà ti ń retí irú rẹ̀, torí Títí ti sọ fún wọn láti inú oyún pé myasthenia gravis, àìsàn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára, ń bá òun fínra. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ara Títí tó ń bá iṣan rẹ̀ jà ló gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Nínú ọmọ 10 tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bí, ó ń mú 1 tàbí 2. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe irú wọn, nítorí náà wọ́n á máa tán lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Rọ́bà imú ló fi ń gba wàrà ìyá rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní neostigmine, oògùn tó ń fún iṣan lágbára. Mímí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru.

Nọ́ọ̀sì kan gbé gentamicin, oògùn apakòkòrò, dé. Títí ló pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì, torí oògùn yẹn lè tún sọ iṣan di aláìlágbára. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Akin!

Dàda ti wọ yunifásítì, òrùlé màmá mi tún ń jò. Màmá rò pé ibà pọ́njú ló dá ọmọ dúró sí ọsibítù. Jọ̀wọ́, má tú mi fó.

Rónkẹ́, Títí kò jẹun. Ó ní òun lòun kó àìsàn ran ọmọ òun. Mo sọ ọ́ títí, kò gbọ́ tèmi. Ìwọ lo mọ bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, láti Ifẹ̀. Bá mi pè é lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, á ti lo oògùn tirẹ̀, ohùn rẹ̀ á ti le díẹ̀. Bí kò bá gbé e, tún pè.

Èmi ni,
Yétúndé