Ọ̀wọ́ ètò òwúrọ̀ ni Nick Jr. kó tó di ìkànnì

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí tẹlifíṣọ̀n ọmọ wẹ́wẹ́ ló máa ń sọ pé ọdún 2009 ni Nick Jr. bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìkànnì tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló dé lọ́jọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Nick Jr. fúnra rẹ̀ ti wà láti ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1988. Ọ̀wọ́ ètò ni, tí Nickelodeon, ìkànnì àwọn ọmọdé, ń gbé sórí kébù (tẹlifíṣọ̀n tó ń gba okùn wọlé, tí wọ́n ń sanwó fún) láàárín ọ̀sẹ̀, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Àkókò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣírò. Ọmọdé ńlá àti kékeré ló jọ ń wo Nickelodeon, ìkànnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹ̀gbọ́n bá ti lọ sílé ìwé, ọmọ ọdún 2 sí 5 ló kù nílé. Wákàtí wọ̀nyẹn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ètò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Pinwheel, ètò ọmọ wẹ́wẹ́, ti wà lórí kébù tí wọ́n ń pè ní QUBE ní Columbus, Ohio, láti 1977, òun ló sì bí Nickelodeon ní 1979. Pinwheel àtijọ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n fi dí àkókò náà níbẹ̀rẹ̀, kí Eureeka's Castle, ètò ọmọlangidi, tó dé ní 1989.

Ìṣòro tó kàn ni àlàfo. Ètò tí wọ́n ń pè ní ìdajì wákàtí kì í pé ìdajì wákàtí. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan máa ń ṣẹ́kù. Ìpolówó ọjà ni ìkànnì àgbà máa ń kó síbẹ̀. Ọmọ ọdún 3 kò mọ ibi tí ìtàn parí sí tí ọjà títà ti bẹ̀rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ti 1990 sì ti fi ìwọ̀n sí ìpolówó nínú ètò ọmọdé, lórí kébù pẹ̀lú: ìṣẹ́jú 12 ní wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀, 10½ lópin ọ̀sẹ̀. Bí àlàfo náà bá sì ṣófo, ọmọ á dìde lọ. Ní 1994, wọ́n fi Face dí i: ojú àti ẹnu lásán, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, tó sì ń sọ ètò tó kàn. Lójú tiwa, kò sí ohun tó gbọ́n tó o nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọdún yẹn náà ni ètò méjì, Allegra's Window àti Gullah Gullah Island, dé.

Blue's Clues, ètò tí ọmọ ti ń bá olóòtú rẹ̀ tú àdììtú, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1996, ló yí ìṣirò padà. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé jáde láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Àgbàlagbà á ní ó ti sú òun, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ńṣe ló túbọ̀ ń dáhùn sókè. Ó sì ń dín ìnáwó kù: apá 20 á gba ọ̀sẹ̀ 20. Steve Burns, olóòtú ètò náà, á béèrè ìbéèrè, á sì dákẹ́ dúró. Bí ìdákẹ́ náà bá kúrú, ó ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ. Bó bá gùn jù, ọmọ á wo ibòmíràn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé apá kọ̀ọ̀kan lọ síwájú àwọn ọmọ nígbà mẹ́ta: èrò rẹ̀, ìwé aláwòrán rẹ̀, àti fídíò tí wọn ò tíì parí.

Dora the Explorer gba ọ̀nà yìí ní 2000. Lọ́dún kan náà ni CBS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n orí afẹ́fẹ́ (tí eríà lásán ń gbà), gba Nick Jr. sí òwúrọ̀ Sátidé, nítorí òfin wákàtí 3 ètò ẹ̀kọ́ ọmọdé lọ́sẹ̀ mú irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò mú kébù.

Ìkànnì Noggin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ni wọ́n sọ ní Nick Jr. ní 2009. Ṣùgbọ́n wọn ò pa ètò òwúrọ̀ orí Nickelodeon rẹ́. Ìdí nìyí tí àtòjọ ètò fi lè gbé Dora sí ìkànnì méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Kì í ṣe àṣìṣe òǹtẹ̀wé.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.