Omi tó dànù àti agbè tó fọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé nígbàkígbà tí ìròyìn bá jáde nípa ohun tuntun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe, ọ̀nà méjì péré ni àwọn òǹkàwé máa ń pín sí: àwọn kan á ní ayé ti dára, àwọn kan á ní ayé ti bàjẹ́. Èmi tí mo fi ọdún 31 yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí n tó fẹ̀yìn tì rò pé àríyànjiyàn náà kò tíì kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà a máa sọ fún ẹni tí àdánù bá bá pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ohun tó yẹ kí á máa bi gbogbo ìmọ̀ tuntun léèrè nìyẹn: bó bá yíwọ́, ṣé omi ni yóò dànù ni, àbí agbè ni yóò fọ́?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo mọ̀ jù. Lábẹ́ awò, sẹ́ẹ̀lì pupa tó pé inú ẹ̀jẹ̀ rí roboto, àárín rẹ̀ sì jin díẹ̀ bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde a máa tẹ̀ bí dòjé nígbà tí ọ́síjìn inú rẹ̀ bá dínkù. Wọ́n á wá há mọ́ ara wọn nínú iṣan tóóró bí igi wíwọ́ ṣe ń dí ojú odò. Gbogbo igbe ìrora tí mo máa ń gbọ́ láti yàrá kejì nígbà tí mo bá ń wo sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, lẹ́tà kan ṣoṣo tó ṣì ló fà á, nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà tí a fi kọ àbùdá ọmọ ènìyàn, ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí.

Ní ọdún 2012, Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier fi hàn pé ohun tí bakitéríà fi ń gé fáírọ́ọ̀sì tó bá wọlé tọ̀ ọ́ ṣeé darí láti gé àbùdá síbi tí ènìyàn bá fẹ́. CRISPR ni wọ́n ń pè é, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àwọn méjèèjì ní 2020. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilẹ̀ Bìrìtéènì fọwọ́ sí ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí a fi í ṣe, fún àrùn yìí gan-an. Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá ọdún náà. Wọn á yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọn á gé ibi kan nínú àbùdá wọn tí kì í jẹ́ kí ara àgbàlagbà ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, wọn á fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á wá dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti tún ṣe padà sára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ irú ti ọmọ inú oyún kì í tẹ̀ bí dòjé. Owó rẹ̀ ń ba ni lẹ́rù, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ní Amẹ́ríkà, oògùn líle yẹn sì lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ ẹni. Síbẹ̀, bó bá yíwọ́, ara ẹni kan tí a ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún ló yíwọ́ sí. Ní ti ìran ènìyàn, omi ni.

Àlùmọ́gàjí CRISPR yẹn kan náà ni He Jiankui, oníwádìí ará Ṣáínà, gbé dé ara ọlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ó kéde pé wọ́n ti bí ìbejì tí òun ti tún àbùdá wọn ṣe kí wọ́n tó gbé wọn sínú ìyá wọn, kí kòkòrò HIV má baà lè ràn wọ́n. Ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta ní 2019. Ó ti ṣe ẹ̀wọ̀n náà tán. Ohun tó gé ni kò tán, nítorí ó lè wà nínú ẹyin tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn yóò fi bímọ lọ́jọ́ iwájú, kí ó sì máa ti ara ọmọ bọ́ sára ọmọ-ọmọ, láìsí ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1921, Thomas Midgley rí i pé bí wọ́n bá po òjé díẹ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò ní máa pariwo gbàgà-gbàgà mọ́. Nígbà tí yóò fi di 1924, orí ti ń dàrú mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pò ó, àwọn kan sì ti kú. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé májèlé ni òjé. Ó ti pẹ́ tí ayé ti mọ̀. Wọ́n ṣì tà á. Algeria ló jáwọ́ kẹ́yìn nínú títà á fún ọkọ̀ ojú títì, ní 2021, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ti Midgley. A lè fọ táǹkì epo, ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọ tí òjé ti bà jẹ́ kò ṣeé fọ̀.

Ibi tí ìbéèrè mi ti há èmi fúnra mi lọ́fun ni ti ẹ̀fọn. Bí Ọlọ́run ṣe dá a, bí ẹ̀fọn kan bá ní àbùdá kan tí ẹnì kejì rẹ̀ kò ní, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ wọn ni yóò jogún rẹ̀. Àwọn oníwádìí ti wá ọ̀nà tí èyí tí wọ́n bá fi sí i lára yóò fi máa dé ara gbogbo ọmọ, àfi díẹ̀. Ní 2018, àwọn kan ní Imperial College London ròyìn pé àwọn fi irú rẹ̀ sínú àgò onínẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri wà. Láàárín ìran méje sí mọ́kànlá, àwọn ẹ̀fọn inú rẹ̀ tán pátápátá, nítorí pé abo wọn kò lè bímọ mọ́. Ní òde gbangba, ẹ̀fọn kò mọ ààlà ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá tú u sílẹ̀, gbogbo àwọn tó yí i ká ló bá tú u sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè pè é padà. Agbè pọ́nńbélé ni. Ṣùgbọ́n ibà ń pa nǹkan bí ènìyàn 600,000 lọ́dún, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà ẹni tó ní kí á káwọ́ gbera náà ń fọ́ agbè àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Èmi kò ní kí wọ́n má ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí inú oníwádìí ti wù kó mọ́ tó, òun àti àwọn tó ń fún un lówó nìkan kò tó ẹni tí yóò pinnu rẹ̀.

Ti ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ní omi, ó ní agbè. Wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn, AlphaFold, ṣírò ìrísí èròjà purotéènì tó lé ní mílíọ̀nù 200 ní 2022. Tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan lè gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀ ọdún. Bó bá ṣì ọ̀kan, oníwádìí á bá a níbẹ̀, á sì tún un ṣe. Èmi náà fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ dán ẹ̀rọ mìíràn wò: ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ló wá fi ìdánilójú kan náà mẹ́nu ba àìsàn tí kò sí níbẹ̀ rárá. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kì í ṣe ayẹ̀jẹ̀wò ìbá ti lọ ra oògùn. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ẹ̀dà ẹ̀rọ wọ̀nyí tí wọ́n bá gbé odindi rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí kò sí òfin tó lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà padà. Geoffrey Hinton, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà lélẹ̀, fi Google sílẹ̀ ní 2023 kí ó lè ráyè sọ ewu tó rí níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ gbogbo ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó tọ́ ọmọ ló mọ ìwà ọmọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn dúró. Ní 1974, nígbà tí ọ̀nà àtilẹ àbùdá ẹ̀dá kan mọ́ ti òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, Paul Berg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n dá àwọn irú ìwádìí kan dúró ná níbi gbogbo. Ní oṣù kejì ọdún 1975 wọ́n péjọ sí Asilomar, ní California, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí iṣẹ́ náà yóò ṣe máa lọ, títí kan lílo bakitéríà tí kò lè yè bó bá bọ́ síta. Iṣẹ́ kò kú nítorí ìyẹn: ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà ṣe insulin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1982. Àléébù tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbọ̀ngàn náà tán. Àwọn tí ewu yóò bá kò ní ìjókòó níbẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bí ìròyìn ohun tuntun bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kí akọ̀ròyìn yín béèrè bí wọn yóò ṣe kó o padà bó bá yíwọ́, àti àwọn wo, nínú àwọn tí yóò kàn, ni wọ́n ti bi léèrè. Kí ẹ tẹ ìdáhùn wọn sójú ìwé kan náà pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀ náà. Bí wọn kò bá sì dáhùn, ẹ tẹ ìyẹn náà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ayẹ̀jẹ̀wò tó ti fẹ̀yìn tì