Ìka kẹfà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá

Sí Olóòtú,

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ka lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín, nínú èyí tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti sọ pé aláboyún tí ó bá ń rìn ní ọ̀sán gangan, tàbí tí kò pa èèwọ̀ ìdílé ọkọ rẹ̀ mọ́, ni ó ń bí ọmọ oníka mẹ́fà tàbí ọmọ tí ètè rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí pé ní oṣù tí ó kọjá ni mo jókòó níbi ìsọmọlórúkọ kan níhìn-ín ní Kubwa, tí ọmọ tuntun náà ní ìka mẹ́fà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn àgbà méjì sì ń wádìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ níwájú àlejò pé kí ni ó rí, kí ni ó jẹ, ibo ni ó gbà kọjá nígbà tí ó lóyún. Ìyá náà kò dáhùn. Ó kàn fa ìborùn rẹ̀ bo ọwọ́ ọmọ náà ni.

Àwọn baba wa ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Olúgbódi ni wọ́n ń pè é, orúkọ àmútọ̀runwá bíi Dàda àti Ìgè. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ní Kàdúná lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Àbújá, mo fẹ́ fi kún un ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa bí ìka náà ṣe ń débẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ni, mo máa ń wá ẹyin tí àgbébọ̀ adìyẹ ti sàba lé fún ọjọ́ mẹ́ta, n ó rọra ṣí ojú fèrèsé kékeré sí èèpo rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì rí ọkàn pupa bíńtín tí ń lù lórí pupa ẹyin náà, nígbà tí kò tíì sí ìyẹ́, tí àgógó ẹnu kò sì tíì yọ. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lọ́dọọdún: ta ni ó sọ fún un pé kí ó di ọkàn?

Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí bí ọlẹ̀ ṣe ń di ọmọ ti fi ọjọ́ ayé wọn wá ìdáhùn sí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹyọ bíńtín tí a fi kọ́ ara ohun ẹlẹ́mìí, ni olúkúlùkù wa ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà ń pín, ó ń pín, títí ó fi di àìmọye, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó gbé odindi ogún jíìnì, ìyẹn àwọn ìlànà tí ń darí bí ara ṣe ń dá, tí a gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá dání, tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí 20,000. John Gurdon fi èyí hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1962, nígbà tí ó mú kóró àárín sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn jíìnì wà, láti inú ìfun ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ó fi í sínú ẹyin tí a ti pa kóró tirẹ̀ run, àwọn kan nínú irú ẹyin bẹ́ẹ̀ sì di ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ara rẹ̀ pé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2012.

Bí jíìnì kan náà bá wà níbi gbogbo, kí ni ó mú kí èyí di ẹ̀dọ̀, kí tọ̀hún sì di ojú? Ẹ rántí aládìrẹ ẹlẹ́kọ. Inú ìkòkò aró kan náà ni gbogbo aṣọ náà wọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti fi ẹ̀kọ kùn kò gba aró, ibi tí ó fi sílẹ̀ sì dúdú; ọ̀nà tí ó gbà pín in ni ó di ọnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ọlẹ̀ ṣe ń pa àwọn jíìnì kan mọ́, tí ó sì ń ṣí àwọn mìíràn sílẹ̀, ní ọjọ́ tirẹ̀ àti ní ààyè tirẹ̀.

Ìka ọwọ́ ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù lọ. Ní Amẹ́ríkà, John Saunders àti Mary Gasseling gé ẹran kékeré kan láti ara ìrudi tí yóò di apá ọmọ adìyẹ nínú ẹyin, ní ẹ̀gbẹ́ tí ìka ẹ̀yìn yóò ti hù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí apá náà dàgbà, ìka rẹ̀ di ìlọ́po, wọ́n kọjú síra bí ẹni tí ń wo dígí. Àbájáde yìí ni wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1993 ni a wá mọ jíìnì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Sonic hedgehog. Ohun tí jíìnì náà ń tú jáde dà bí ooru ààrò: sẹ́ẹ̀lì tí ó súnmọ́ ọn gbà púpọ̀, èyí tí ó jìnnà gbà díẹ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ti gbà tó ni yóò ṣe mọ irú ìka tí òun yóò dà.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé súwíìṣì tí ń tan jíìnì yìí nínú ọwọ́ kò sí nítòsí rẹ̀ rárá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lẹ́tà DNA, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ jíìnì àti súwíìṣì sí, ni ó wà láàárín wọn, inú jíìnì mìíràn ni súwíìṣì náà sì wà, bí ẹni pé Lọ́kọ́jà ni a ti ń tan iná ilé mi ní Kubwa, láti inú yàrá ẹni tí kò mọ̀ mí rí. DNA máa ń ká bí òwú, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Edinburgh ní Scotland fi hàn pé bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú súwíìṣì yìí, jíìnì náà lè tàn ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, níbi tí kò yẹ kí ó ti tàn, ìka mìíràn a sì hù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni jíìnì fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ní ọdún 2016, àwọn mìíràn ní California fi súwíìṣì ti ejò rọ́pò ti eku, ẹsẹ̀ àwọn eku náà sì kú sí kúkúrú.

Kí n má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, ìka kẹfà tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa ènìyàn dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tí ó kéré jù, jíìnì mìíràn ni ó sì ń fa púpọ̀ nínú ìyẹn. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, lọ́dọ̀ bàbá tàbí lọ́dọ̀ ìyá, ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sì í pa ọmọ lára. Kò sí oòrùn ọ̀sán kankan nínú rẹ̀.

Àkókò tí nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ ni mo bẹ àwọn òǹkàwé yín kí wọ́n fi ọkàn sí. Ọkàn ọmọ ti ń lù ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún tí oyún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀já tí ń ká di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ètè òkè máa ń so pọ̀ kí ọ̀sẹ̀ keje tó parí. Ìka máa ń yà sọ́tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín wọn kú. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà tí ọ̀já yẹn ti pa dé, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ládùúgbò mi kì í sì í lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn títí di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Nítorí náà ni fólíìkì ásíìdì, fítámì tí ń ran ọ̀já yẹn lọ́wọ́ láti pa dé, fi gbọ́dọ̀ ṣáájú oyún. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1991 fi hàn pé, lára àwọn obìnrin tí wọ́n ti lóyún ọmọ tí ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé rí, oògùn yìí dín ìpadàbọ̀ àrùn náà kù ní nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún àwọn obìnrin yòókù, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni a ń dámọ̀ràn, láti ìgbà tí tọkọtaya bá ti ń retí oyún títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá. Kò dá ìka kẹfà dúró, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ìmọ̀ràn ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ni ó yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún ọkọ àti ìyàwó, kí ọjọ́ tó lọ.

Kí wọ́n sì fi ti oògùn kún un. Thalidomide tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Jámánì ní ọdún 1957 fún oorun àti èébì aláboyún ba apá àti ẹsẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ jẹ́ kí wọ́n tó kó o kúrò lórí igbá ní ọdún 1961. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọwọ́ ń yọ ni ó ti ṣe ọṣẹ́ rẹ̀, àwọn ìyá tí dókítà kọ ọ́ fún kò sì mọ nǹkan kan.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ tẹ lẹ́tà mi yìí sí ojú ewé kan náà tí tọ̀hún ti jáde. Ìyá ọkọ obìnrin tí ó bí ọmọ oníka mẹ́fà yẹn máa ń ka ojú ewé náà sókè fún ará ilé wọn ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Kubwa, Àbújá.